Mo Gbé Bíyáà Àlàbí Lọ sí Náńtì

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà, ní ìdí ẹ̀rọ gàrí, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí n wá sọ bí ìlú òyìnbó ṣe rí. Ẹnì kan bi mí bóyá lóòótọ́ ni ajá ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Òmíràn bi mí bóyá mo rí yìnyín. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Kíláàsì díẹ̀ ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n wá máa bá ìyá mi fún epo. Ṣùgbọ́n mo lè kọ èdè wa tí wọ́n bá fún mi láyè, mo sì ti jókòó báyìí láti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀fun mi lè sinmi.

Ajá ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. N kò rí yìnyín. Òjò ni mo rí.

*Ohun tó gbé mi dìde*

Gbogbo ẹni tó bá mọ ilé wa ní Ìfọ̀nyìn, tí àwọn oníwèé ń kọ ní Ifangni, mọ bíyáà Àlàbí. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, pátákó kan ni, ó gùn tó apá àgbàlagbà, orí rẹ̀ rí rìbìtì. Ìṣó kéékèèké wà lójú rẹ̀ káàkiri bí irùngbọ̀n, ihò wà láàrin àwọn ìṣó náà, nọ́ńbà sì wà lábẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó fi bọ́ọ̀lù irin kékeré, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń yọ nínú ẹsẹ̀ alùpùpù, sí ojú ọ̀nà tóóró tó wà lápá ọ̀tún. Ẹ ó fa igi tó ní sípíríǹgì, ẹ ó jù ú sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù á sáré gòkè, á yí orí pátákó ká, á wá máa já bọ̀ láàrin àwọn ìṣó, tìn, tìn, tìn, títí á fi wọ ihò kan tàbí kó ṣubú sísàlẹ̀ lófo. Eré náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ọkọ mi, ló ṣe é. Àlàbí ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ káfíńtà ló ṣe títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní Bánígbé ló rí irú rẹ̀ nílé Músíò Àgósù, olùkọ́ tí òyìnbó kan fi í sílẹ̀ fún nígbà tó ń padà sí ìlú wọn. Músíò náà kò jẹ́ kí Àlàbí wọ̀n ọ́n. Àlàbí kàn wò ó dáadáa, ó lọ ṣe tirẹ̀. Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí i: ó kan ìṣó kan sí àárín, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sápá òsì, ihò tó wà lẹ́yìn ìṣó náà ló pè ní Ilé. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá wọ Ilé ti jẹ ayò.

Ní ìrọ̀lẹ́, àgbàlá wa máa ń kún. Dòsù télọ̀ á wá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ràfíù tó ń pààrọ̀ owó ní ẹnubodè Ìgòlò á wá pẹ̀lú ariwo. Ìyá Sùlé, aládùúgbò wa, á wá láti wá fẹ̀sùn kàn mí. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sọ pé èmi àti ọkọ mi ń ṣe màgòmágó nídìí bíyáà, òun ni Àlàbí fi máa ń wọ Ilé ju àwọn yòókù lọ.

Nígbà tí Àlàbí kú, wọn kò wá ta á mọ́. Wọn kò pa mí tì o. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń bá mi jókòó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lẹ́nu láti bèèrè bíyáà. Ọjọ́ tí mo wá fà á jáde lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ikán ti wọ férémù rẹ̀. Mo fi ìka kàn án, ó bù bí búrẹ́dì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo ti sin ọkọ mi. Mo wí fún ara mi pé n kò ní sin eré rẹ̀ tẹ̀lé e.

Ọmọ wa Àbẹ̀kẹ́ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Náńtì, nílẹ̀ Faransé. Níbi iṣẹ́ ló ti pàdé ìyá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Odíìlì. Láti ìgbà tí Odíìlì ti fẹ̀yìn tì, àwọn bíyáà àtijọ́ bí irú tiwa ló ń wá kiri. Òun àti àbúrò rẹ̀, Pọ́ọ̀lù, ń gbé wọn sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú gbogbo ìṣó àti ihò wọn, kí àwọn tó wà láyé báyìí lè máa ta wọ́n lójú ẹ̀rọ. Àbẹ̀kẹ́ fi fọ́tò tiwa hàn án, ìyá náà ní kí a gbé e wá.

Mo ní, "Ta ni yóò gbé e wá?"

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Màámi, ta ló tún kù? Ẹ̀yin ni."

Nígbà tí Ìyá Sùlé gbọ́, ó pàtẹ́wọ́. "Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ. Ohun tí àwọn yẹn bá ti fi sínú gíláàsì kì í jáde mọ́."

"Ó yẹ kí inú ẹ dùn," ni mo wí. "Màgòmágó á tán."

"Ta ni n ó wá máa bá jà?" ni ó wí, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

*Tíẹ̀rì*

N kò ní fi ọkọ̀ òfurufú gbà yín lákòókò. Ẹ jókòó, ariwo wà, ẹ sùn, ọrùn dùn yín. Mariamú, ọmọ Màlì tó jókòó tì mí, ló bá mi de bẹ́líìtì. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ níbi tó bá wà.

Aṣọ ìbora Àlàbí ni mo fi di bíyáà. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń tú ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan tó ga bí igi àgbọn nawọ́ sí i. Ó tú aṣọ náà. Bó ṣe rí gbogbo ìṣó yẹn, ojú rẹ̀ yí padà, ó pe ẹnì kejì, ẹnì kejì pe òmíràn. Wọ́n dúró yí i ká bí ẹni yí ejò ká.

Ó bi mí pé kí ni èyí. Faransé tèmi, Faransé ọjà Ìgòlò ni. Mo lè fi ná epo, mo lè fi bú ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ mi jẹ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ fún ohun tí ọkọ mi ṣe. Ó dáa, mo tú bọ́ọ̀lù irin náà létí ìró mi, mo tẹ́ pátákó sórí tábìlì wọn, mo ta á. Bọ́ọ̀lù yí orí, ó já bọ̀, ó sáré kọjá Ilé bí ẹni tí kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, ó ṣubú lófo. Ó dùn mí pé níwájú àlejò ló ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin gíga náà wò mí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wò ó. Ó ta tirẹ̀, òun náà ṣubú lófo. Ó kùn, ó tún ta á. Ìlà àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń gùn, obìnrin kan tó ní àpótí ńlá ti ń mí ìmí ìbínú.

Mo bi í ní orúkọ rẹ̀. Ó ní Tíẹ̀rì.

"Tíẹ̀rì," ni mo wí, "ó tó, àwọn ènìyàn ń dúró."

Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn ìyá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ di aṣọ náà padà. Kò mọ̀ ọ́n dì, ṣùgbọ́n ó di í.

*Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn*

Ohun tó kọ́kọ́ mú mi ní Náńtì ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ń rìn láàrin ìgboro, ènìyàn kún inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Mo wọlé, mo kí wọn pé ẹ kú ìjókòó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wo bàtà ara wọn.

Àbẹ̀kẹ́ fà mí lápá. "Màámi, ẹ má kí gbogbo wọn."

"Ṣé wọ́n ń bínú ni?"

"Wọn ò bínú. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ."

"Àwa náà ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìgòlò, a sì ń kí ara wa."

Bẹ́ẹ̀ ni mo fi wò wọ́n bí aláìlẹ́kọ̀ọ́, títí mo fi lọ ra búrẹ́dì. Mo dé iwájú ọmọbìnrin tó ń tà á, mo nawọ́ sí búrẹ́dì gígùn, mo sọ pé ọ̀kan. Ó wò mí, kò gbé ọwọ́. Ó ní, "Bọ̀njúù, Màdáámù." Mo tún sọ pé ọ̀kan. Ó tún ní, "Bọ̀njúù, Màdáámù," pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ń dúró. Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Èmi tí mo ń ṣèdájọ́ wọn, mo ti wọ ibi ọjà ẹni láìkí i! Ojú tì mí. Mo kí i, ó fún mi ní búrẹ́dì. Kọrín ni orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo ti ń kígbe bọ̀njúù, á sì máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń kíni àti ibi tí wọn kì í ti kíni. Àlejò ni kò mọ ààlà ibẹ̀.

Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Jànẹ́tì ń gbé nísàlẹ̀ ilé Àbẹ̀kẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ó ti yẹ kí àlejò ṣe. Ó ṣí ìlẹ̀kùn díẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó pa á dé. Mo gòkè padà. Àbẹ̀kẹ́ ní, "Mo ti sọ fún yín." Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan kan ìlẹ̀kùn wa, Jànẹ́tì ni, ó gbé àkàrà òyìnbó dání tó fi èso ápù ṣe, ó ti tún irun rẹ̀ ṣe. Ó mú mi lọ́wọ́ lọ sí ilé rẹ̀, ó nawọ́ sí fọ́tò ọkùnrin kan lára ògiri. Mo ní, "Mọ́ọ̀?" èyí tí í ṣe òkú ní Faransé. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi ọwọ́ kan àyà ara mi, mo ní èmi náà, mọ́ọ̀. A jókòó. A jẹ àkàrà náà tán. Mo ti jókòó pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìgbà tí Àlàbí ti kú, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìtùnú fún mi ní èdè tí mo gbọ́. N kò rí èyí tó fún mi nísinmi tó ìjókòó yẹn.

*Nílé Odíìlì*

Odíìlì kéré, ó yára, ojú rẹ̀ sì ń dán. Bí ẹ bá wọ ilé rẹ̀, ẹ ò ní rí ògiri. Bíyáà ni gbogbo rẹ̀, ńlá, kékeré, èyí tó ní àwòrán ẹlẹ́ṣin, èyí tó ní àwòrán ọkọ̀ ojú omi. Ó ń mú mi káàkiri, Àbẹ̀kẹ́ ń túmọ̀. "Èyí ti Mọ́rísì ni, ó ń ta á pẹ̀lú bàbá rẹ̀ nígbà òtútù. Èyí ti Lùsí ni, ó fi bọ́ọ̀lù rẹ̀ pamọ́ sínú àpò aṣọ ìgbéyàwó." Kò sí èyí tí kò mọ orúkọ ẹni tó ni ín. Ìgbà tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi balẹ̀, mo tú aṣọ Àlàbí.

Ó kọ́kọ́ fún wa lóúnjẹ. Ẹ gbọ́, tí wọ́n bá pè yín síbi oúnjẹ lọ́hùn-ún, ẹ má yó kíákíá! Ó gbé ewé àti búrẹ́dì wá, mo rò pé oúnjẹ ni, mo jẹ ẹ́ tán, mo dúpẹ́. Ó gbé ẹja wá. Mo tún dúpẹ́. Ó gbé wàràkàṣì wá, kì í ṣe irú ti àwọn Fúlàní wa, tirẹ̀ ń rùn bí ẹsẹ̀ tó ti pẹ́ nínú bàtà òjò. Mo wo Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ wo ibòmíràn. Mo mú díẹ̀ sẹ́nu, mo rántí pé ọmọlúàbí ni mí, mo gbé e mì. Odíìlì ní, "Ó dára?" Mo ní, "Ó lágbára."

Pọ́ọ̀lù, àbúrò rẹ̀, ni ẹlẹ́rọ. Onírùngbọ̀n pupa ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ya fọ́tò gbogbo ìṣó láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́. Ó ju bọ́ọ̀lù irin wa sórí pátákó lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan kí ẹ̀rọ rẹ̀ lè gbọ́ bó ṣe ń dún lára ìṣó àti lára igi. Ó bi mí léèrè ọ̀pọ̀ nǹkan. Ṣé àṣìṣe ni ìṣó àárín tó tẹ̀? Mo ní rárá o, ìṣó Ilé nìyẹn, kó má tún un ṣe.

Ó wá fi bíyáà mìíràn hàn mí nínú kọ̀ǹpútà, irú èyí tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù ní ìsinsìnyí. Apá kékeré méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ń ṣubú, ẹ ó tẹ nǹkan kan, apá náà á gbá a padà sókè. Ó bèèrè bóyá kí òun fi irú apá bẹ́ẹ̀ sí tiwa, kí eré lè pẹ́.

Mo wò ó títí. Bọ́ọ̀lù náà ń ṣubú, wọ́n ń gbá a padà, ó ń ṣubú, wọ́n ń gbá a padà. Mo rántí ìgbà tí Àlàbí wà nílé ìwòsàn.

"Rárá," ni mo wí. "Àlàbí kò fi apá sí i. Bó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni, ká máa wò ó ló kù."

Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ túmọ̀ rẹ̀, Odíìlì sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "O gbọ́."

*Kò rìn bó ṣe ń rìn*

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù parí rẹ̀, wọ́n pè wá. Ó ṣí i lójú kọ̀ǹpútà, mo sì fọwọ́ bo ẹnu. Igi Àlàbí ni! Ojú igi náà, ibi tí òtútù omi ti mú un dúdú, nọ́ńbà tó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kọ nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì sọnù, gbogbo rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ní kí n ta á. Bọ́ọ̀lù yí orí, ó ń dún tìn, tìn, ìró tiwa gan-an. Ó sì sáré kọjá Ilé, ó ṣubú lófo.

Mo tún ta á. Mo ta á títí ọwọ́ fi ń ro mí. Kò wọ Ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò tilẹ̀ dúró níbẹ̀. Ní ilé wa, bọ́ọ̀lù máa ń dé ibi ìṣó tó tẹ̀ yẹn, á ṣe bí ẹni tó ń ronú, gbogbo àgbàlá á dákẹ́. Èyí kò ronú rárá.

Mo ní ó dára, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Odíìlì ti rí ojú mi. Ó ní ká ta ti igi fúnra rẹ̀, ká fi wọ́n wéra. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìwé kéékèèké ti orí rẹ̀ gòkè. Mo ta á. Ti igi pàápàá sáré kọjá Ilé lófo.

Ẹ̀yin ará ilé, inú mi ṣófo. Mo rò pé ọkọ̀ òfurufú ti ba á jẹ́. Mo tún ro ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé Àlàbí ni ó ń wọ Ilé, kì í ṣe bíyáà. Pé nígbà tó lọ, ó ti mú un lọ. Mo bú sẹ́kún níwájú àwọn òyìnbó náà. Pọ́ọ̀lù dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé. Odíìlì kò sọ pé kí n má sunkún. Ó bu omi gbígbóná fún mi, ó fi ṣúgà sí i.

*Oúnjẹ tèmi*

Mo ti pinnu láti di ẹrù mi. Kí n tó lọ, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi náà se oúnjẹ fún wọn, kí wọ́n má bàa sọ pé àlejò jẹun lọ láìfọwọ́ kan ìkòkò. Mo gbé gàrí, ẹja gbígbẹ àti epo láti ilé wá. Mo se ọbẹ̀ ilá, mo ro ẹ̀bà. Pọ́ọ̀lù fi ọwọ́ jẹ ẹ́, ọbẹ̀ fà yọ dé irùngbọ̀n rẹ̀, Odíìlì rẹ́rìn-ín débi pé ó di àyà mú.

Lẹ́yìn oúnjẹ, tábìlì kún fún àwo àti epo. Odíìlì ní ká ta bíyáà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dì í. Kò sí ibi tí a lè tẹ́ ẹ sí. Ló bá fa àga rẹ̀ wá síwájú mi, orúnkún rẹ̀ kan tèmi, ó gbé orí pátákó lé orúnkún mi, ó gbé ìdí rẹ̀ lé tirẹ̀.

Ara mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Ọwọ́ mi lọ di ẹ̀gbẹ́ pátákó mú láìjẹ́ pé mo rán an. Mo gbé ojú mi sókè sí ojú Odíìlì, nítorí òfin ilé wa ni pé ẹni tó bá gbé bíyáà dání fún ẹnì kejì kò gbọdọ̀ wo bọ́ọ̀lù, kó má bàa ṣojúsàájú. Ojú ẹni tó ń ta ni yóò máa wò. Odíìlì fà á, ó jù ú sílẹ̀. Tìn, tìn, tìn. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bí bọ́ọ̀lù ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ojú náà wá dúró. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Mo mí. Ojú rẹ̀ tàn!

"Ó wọlé!" ni Àbẹ̀kẹ́ kígbe. "Màámi, ó wọ Ilé!"

Mo pariwo pé, "Orúnkún ni! Orúnkún mi ni!"

Wọ́n ti bi mí ní gbogbo nǹkan, mo sì ti dáhùn gbogbo rẹ̀. Ìṣó, ihò, nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka orúnkún ara rẹ̀ mọ́ eré? Ní ilé wa a kì í tẹ́ bíyáà sórí nǹkan kan. Ènìyàn méjì ló ń kojú ara wọn, ọ̀kan ń ta, ọ̀kan gbé e dání. Èmi ni mo ń gbé e fún Àlàbí láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa. Bí mo bá mí, pátákó á gòkè díẹ̀ bí ìbú irun kan, bọ́ọ̀lù tó ń ronú lẹ́yìn ìṣó á mọ ibi tí yóò gbà. Ohun tí Ìyá Sùlé ń pè ní màgòmágó nìyẹn. "Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ń gbé e sókè fún ọkọ rẹ̀!" Èmi á ní, "Mo mí ni! Ṣé kí n má mí?" Àlàbí á máa rẹ́rìn-ín. Ojú yẹn ni mo ń wò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ayé mi, tí n kò fi mọ bí bọ́ọ̀lù gan-an ṣe ń wọlé.

Nígbà tí mo yí ojú, n kò rí Pọ́ọ̀lù. Ó ti dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi iná fóònù wo abẹ́ pátákó.

"Àbẹ̀kẹ́! Kí ni ọkùnrin yìí ń wá lábẹ́ ìró mi?"

"Orúnkún yín ni, Màámi. Ó ní kí ẹ máa mí."

Ni mo bá ń mí fún òyìnbó.

*Gíláàsì*

Pọ́ọ̀lù kò fi í sínú kọ̀ǹpútà ńlá mọ́. Ó fi í sínú èyí tó rí pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń pè ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó gbé e lé orúnkún ènìyàn méjì, ẹ̀rọ náà á sì mọ̀ bó ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń sọ̀. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, bọ́ọ̀lù kò ní jáde. Ó ń dúró kó gbọ́ pé ẹnì kan ń mí. Ó bi mí pé orúkọ wo ni kí òun kọ sí i. Mo ní kó kọ ọ́ pé Bíyáà Àlàbí, Ìfọ̀nyìn. Àbẹ̀kẹ́ kà á sókè, ó tún un kà, ó sì wọ yàrá lọ fún ìgbà díẹ̀.

Odíìlì wá jókòó tì mí. Ó ní òun fẹ́ bèèrè nǹkan kan, n kò sì gbọdọ̀ rò pé dandan ni. Ṣé mo lè fi ti igi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun? Yóò wà nínú gíláàsì, níbi tí ikán kì í dé.

Òótọ́ ló sọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Ìfọ̀nyìn ikán ń dúró dè é. Mo wo àwọn bíyáà ara ògiri, ti Mọ́rísì, ti Lùsí, wọ́n mọ́ tónítóní.

"Odíìlì," ni mo wí, "nínú gíláàsì yẹn, ta ni yóò máa gbé e dání?"

Ó wo àwọn ti ara ògiri náà. Kò tún bèèrè mọ́. Ó lọ ra oògùn ikán, ó kùn ún dáadáa, Pọ́ọ̀lù sì gé apá férémù tó ti jẹrà kúrò, ó fi igi ilẹ̀ wọn rọ́pò rẹ̀. Igi náà funfun díẹ̀ ju tiwa lọ. Ẹ wá wò ó lára ògiri mi.

Nígbà tí mo ń lọ, Jànẹ́tì wá sí ẹnu ọ̀nà, ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Ó dàbọ̀," bó ṣe kọ́ ọ lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́. Kọrín náà fún mi ní búrẹ́dì.

*Ilé*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí mo dé, àgbàlá kún.

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ ti funfun!" ni Ràfíù wí.

"Òtútù ló bó mi."

Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tí Pọ́ọ̀lù fún mi jáde. Dòsù gbà á, ó yí i, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sétí. "Bọ́ọ̀lù dà? Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Wọ́n ti rẹ́ yín jẹ."

Ìyá Sùlé kò wo ìyẹn. Ó ti lọ síbi ògiri, ó ń fi ọwọ́ pa igi funfun tó wà lára férémù. "Wọn ò gbà á lọ́wọ́ ẹ," ni ó wí.

"Wọn ò gbà á."

Ràfíù gbé àga mi wá síbi tó máa ń wà. Ó ní, "Ẹ jókòó síbi yín, ẹ gbé e dání, ká máa ta."

Mo jókòó. Iwájú mi ni àpótí tí Àlàbí máa ń jókòó lé wà, kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Gbogbo wọn ń wo ibòmíràn. Mo dìde, mo yí ká, mo lọ jókòó lórí àpótí náà. Ó ga ju bí mo ṣe rò lọ.

"Èmi ni n ó ta á lónìí," ni mo wí. "Ta ni yóò gbé e fún mi?"

Ìyá Sùlé wá fa ìró rẹ̀ sókè, ó ń kùn. "Orúnkún tó ń dùn mí yìí náà. Ẹ kúrò lọ́nà." Ó jókòó sórí àga mi, ó gbé ojú rẹ̀ sókè sí ojú mi gẹ́gẹ́ bí òfin. N kò tíì jókòó sí ibi tí ẹnì kan ti lè wò mí bẹ́ẹ̀ rí. A gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé orúnkún wa. Bọ́ọ̀lù jáde fúnra rẹ̀, Dòsù sì pariwo, "Ó wà níbẹ̀!"

Mo fà á, mo jù ú sílẹ̀. Tìn, tìn. Ìró Àlàbí. Ó yí orí, ó já bọ̀, ó lu ìṣó kan, ó lu òmíràn, ó dé ibi ìṣó tó tẹ̀, ó dúró. Àgbàlá dákẹ́. Ìyá Sùlé ń wo ojú mi, omi ti kún ojú tirẹ̀. Àyà rẹ̀ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ó wọ Ilé.

Ariwo sọ. Ràfíù ń fò. Dòsù nawọ́ sí orúnkún Ìyá Sùlé, ó ní, "Mo rí i! Ó gbé e sókè fún un!"

"Èmi kọ́!" ni Ìyá Sùlé ń kígbe, ó di ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà mú gírígírí. "N ò gbé e sókè o! Mo mí ni! Ìyá Àbẹ̀kẹ́, sọ fún wọn, mo kàn mí ni!"

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Mo mọ̀."